Kò Sí Olùdíje Tó Kórìíra Ọmọdé: Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìlérí Wọn Lórí Ìlera àti Ìṣẹ́ Ọmọ

Bí ẹ bá kó ìwé ìpolongo olùdíje mẹ́wàá jọ, tí ẹ pa orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ wọn rẹ́, tí ẹ wá ṣí i sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ ò ní mọ ta ló kọ èwo. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí ara ọmọ le, gbogbo wọn ni ò fẹ́ kí ebi pa á. Ta ló máa gun pèpéle lọ sọ pé òun fẹ́ kí ọmọ tálákà máa ṣàìsàn? Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dàrú mọ́ olùdìbò lójú. Ó ń wá ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀. Inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tẹ̀ lé e ló wà: ọmọ wo, owó ta ni, ọwọ́ ta ló máa gbà á, títí di ìgbà wo.

Mi ò wá yan ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Ohun tí mo fẹ́ ni pé nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa fìka kàn án wò, bóyá òfìfo ni.

Ta là ń pè ní ọmọ tálákà?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan wà lórí oyè, ó ní: “Lásìkò tiwa, iye ọmọ tó wà nínú ìṣẹ́ dín kù sí ìdajì.” Alátakò rẹ̀ dìde, ó ní: “Irọ́ gbuu, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.” A máa ń rò pé ọ̀kan nínú wọn ní láti máa purọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ wọn ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láìpẹ́ yìí. Òṣùwọ̀n méjì ni ìjọba ibẹ̀ fi ń ka tálákà. Ti àkọ́kọ́ ti wà láti àwọn ọdún 1960. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ Social Security, Mollie Orshansky, ló ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó wo iye tí ìdílé máa ná lórí oúnjẹ tí kò ní gbẹ̀fẹ́ nínú, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, torí pé nígbà náà, wọ́n gbà pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìdílé ló ń bá oúnjẹ lọ. Ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò bá tó iye yẹn, tálákà ni. Láti ìgbà náà, kò sí àtúnṣe ńlá kan ju pé wọ́n ń sún iye náà sókè bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i. Òṣùwọ̀n yìí kì í ka ohunkóhun ju owó tó wọlé kí wọ́n tó yọ owó-orí. Kì í ka ìrànwọ́ oúnjẹ, kì í ka ìrànwọ́ owó ilé, kì í sì í ka owó tí ìjọba dá padà fún òbí nípasẹ̀ owó-orí. Òṣùwọ̀n kejì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2011, máa ń ka gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, á yọ owó-orí tí ìdílé san, owó ìtọ́jú ara, àti owó tí òbí ń fún ẹni tó ń bá a mójú tó ọmọ nígbà tó bá lọ síbi iṣẹ́.

Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó rẹpẹtẹ padà fún àwọn òbí nípasẹ̀ owó-orí. Òṣùwọ̀n kejì sọ pé ìdá 5.2 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló wà nínú ìṣẹ́ lọ́dún náà. Ètò owó yẹn parí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ dọ̀tun, iye náà sì fò sókè sí 12.4 ní 2022. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan! Ẹ wá wo òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: 15.3 ní 2021, 15.0 ní 2022. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò sì lè mọ̀, torí pé ẹni tó ń bomi sínú agbè kò lè máa yọjú wo ìkòkò láti mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ sí i. Olùdíje tó bá fẹ́ kí ẹ gbà pé ìjọba kò lè fi owó dín ìṣẹ́ kù, ìkòkò ló máa fi hàn yín.

Ọ̀nà mìíràn ni Bìrìtìkó ń gbà kà á ní tirẹ̀. Wọ́n á to gbogbo ìdílé ní ẹsẹẹsẹ láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á wá mú èyí tó wà ní àárín gan-an. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò bá tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó ti àárín yẹn ni wọ́n ń pè ní tálákà. Mo fara mọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, torí pé ìṣẹ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi nìkan, ó tún kan kí ọmọ má lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó pani lẹ́rìn-ín. Bí nǹkan bá le fún gbogbo ìlú, tí owó ẹni àárín wálẹ̀, iye tálákà lè dín kù lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún tálákà ní kọ́bọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 2010 sí 2011, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n tún máa ń kà á nígbà méjì, kí wọ́n tó yọ owó ilé àti lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, èyí kejì yìí sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa níbẹ̀. Ẹ ò nílò wòlíì láti mọ èyí tí ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè máa ń mú, àti èyí tí alátakò máa ń mú.

Nítorí náà, bí olùdíje bá dárúkọ ìdá mélòó kan, kí ẹ tó gbà á tàbí kí ẹ tó kọ̀ ọ́, ẹ bi í pé ìlà ìṣẹ́ wo ló fi kà á. Ti Báńkì Àgbáyé tilẹ̀ tún wà lọ́tọ̀: dọ́là mẹ́ta lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kẹfà 2025, dọ́là 2.15 sì ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí ka ọmọ tálákà ní orílẹ̀-èdè olówó kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni kà.

Owó tó gba ọ̀nà owó-orí

“A máa fún gbogbo òbí ní ẹ̀dínwó owó-orí lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.” Ó dùn ún gbọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú tọ̀tún-tòsì ló sì máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀dínwó? Owó tó yẹ kí o san ni wọ́n dín kù. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré débi pé kò jẹ ìjọba ní owó-orí kankan, kí ni wọ́n máa dín kù fún un? Bí òfin kò bá sọ pé kí wọ́n kó ìyókù lé e lọ́wọ́, ọmọ tó tálákà jù ló máa rí èyí tó kéré jù gbà.

Amẹ́ríkà náà ni àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ jù. Ẹ̀dínwó orí ọmọ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin 1997, ní 400 dọ́là fún ọmọ kan ní 1998, ó sì di 500 ní 1999. Òfin tí Trump fọwọ́ sí ní ìparí 2017 sọ ọ́ di 2,000, ṣùgbọ́n òbí tó ń gbowó táṣẹ́rẹ́ kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ní 2021, òfin tí Biden fọwọ́ sí gbé e dé 3,600 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àti 3,000 fún àwọn tó jù ú lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú òfin náà kì í ṣe iye owó rárá. Ohun náà ni pé òbí tí kò rí owó kankan pàápàá láǹfààní sí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń san ìdajì rẹ̀ lóṣooṣù láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá. Ibẹ̀ ni 5.2 ti wá.

Nígbà ìbò ààrẹ 2024, Kamala Harris, olùdíje ẹgbẹ́ Democrat, ní òun máa fún òbí ní 6,000 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ ọmọ. JD Vance, tó ń díje fún igbákejì ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican, ní ó wu òun kó jẹ́ 5,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò máa rò pé wọ́n ń díje ta ló máa ná owó jù ni. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ti ẹni tí kò jẹ owó-orí: ṣé yóò rí i gbà? Òfin tó jáde ní oṣù Keje 2025 sọ ẹ̀dínwó náà di 2,200, àwọn òbí tí owó wọn kéré jù kò sì tíì lè gbà á tán títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìkà lásán. Ní èdè wa, àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́, inú àlàfo kékeré yẹn sì ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní bí owó bá ń wọlé fún òbí láìṣiṣẹ́, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìṣẹ́ á sì di àjogúnbá nínú ilé náà. Àwọn yòókù ní ọmọ ọdún méjì kọ́ ló pinnu bóyá kí bàbá òun ṣiṣẹ́ tàbí kó má ṣe é, kí ló wá dé tí a fi ń fi ebi jẹ ẹ́ níyà? Lójú tèmi, ẹjọ́ ẹgbẹ́ kejì lágbára jù nígbà tí ọmọ bá ṣì kéré gan-an. Ṣùgbọ́n èrò ẹgbẹ́ méjèèjì ni èèyàn gidi ń gbà gbọ́, ẹ sì lè dá olùdíje mọ̀ nípa bó ṣe dáhùn ìbéèrè yẹn ju bó ṣe dáhùn èyíkéyìí mìíràn lọ.

Mẹ́síkò gba àárín kọjá. Ní 1997, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Progresa: ìyá ni wọ́n ń fún lówó, bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń lọ sí ilé-ìwé, tí ìdílé náà sì ń lọ fún àyẹ̀wò ara déédéé. Wọ́n kọ́kọ́ fi fún àwọn abúlé kan, wọ́n dá àwọn mìíràn dúró kí wọ́n lè fi wọ́n wéra, wọ́n sì rí i pé iye ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé pọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ni irú ètò yìí ti ràn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀: Progresa di Oportunidades ní 2002, ó di Prospera ní 2014, Ààrẹ López Obrador sì fòpin sí i ní 2019. Ní Bràsíìlì, irú ètò bẹ́ẹ̀, Bolsa Família, tí Ààrẹ Lula dá sílẹ̀ ní 2003 di Auxílio Brasil lábẹ́ Ààrẹ Bolsonaro ní 2021, nígbà tí Lula padà dé ní 2023, Bolsa Família náà padà dé. Bí olùdíje bá ní ètò tuntun gbáà ni òun ń mú bọ̀, ẹ ní sùúrù, kí ẹ béèrè orúkọ tó ń jẹ́ lánàá.

Káàdì kì í ṣe dókítà

Ọ̀rọ̀ ìlera rọrùn díẹ̀ jù èyí lọ. Nígbà tí olùdíje bá ní “gbogbo ọmọ máa wà lábẹ́ adójútòfò ìlera”, nǹkan mẹ́ta ló máa ń fi pamọ́ sínú gbólóhùn yẹn: ààlà owó tí òbí kò gbọ́dọ̀ kọjá, fọ́ọ̀mù tí òbí máa kọ, àti dókítà tó máa gba káàdì náà.

Ààlà owó ló bí CHIP, ètò adójútòfò ìlera fún ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí kan wà tí owó wọn pọ̀ ju ti ẹni tí Medicaid, ètò ìtọ́jú ara tí ìjọba ń ṣe fún tálákà, lè gbà, síbẹ̀ tí kò tó láti ra adójútòfò fúnra wọn. Ní 1997, Ted Kennedy ti ẹgbẹ́ Democrat àti Orrin Hatch ti ẹgbẹ́ Republican fọwọ́ sowọ́ pọ̀ gbé òfin kan kalẹ̀ fún ọmọ irú òbí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi owó-orí sìgá ṣe orísun owó rẹ̀. Lọ́dún 2007, ilé aṣòfin fẹ́ kí ètò náà gbòòrò sí i, Ààrẹ Bush kọ̀ láti fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìpolongo ìgbà náà sọ ọ́ di pé Bush kò fẹ́ràn ọmọ. Ohun tó sọ ni pé ètò náà máa fa àwọn tó ti ní adójútòfò àdáni wá sábẹ́ ìjọba. Ẹ lè gbà á, ẹ sì lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààlà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Obama fọwọ́ sí irú òfin náà ní oṣù Kejì 2009, owó-orí páálí sìgá kan sì gòkè láti 39 sẹ́ǹtì sí dọ́là kan àti sẹ́ǹtì kan.

Fọ́ọ̀mù ńkọ́? Nígbà àrùn kòrónà, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò ní Medicaid. Àṣẹ yẹn parí ní oṣù Kẹta 2023, àyẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló jábọ́, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ti ọ̀pọ̀ jù lọ, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé wọn kò yẹ mọ́. Lẹ́tà ló lọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n ti kó kúrò, tàbí fọ́ọ̀mù ni kò padà lásìkò. Kò sí olùdíje tó dúró lórí pèpéle sọ pé òun máa fi fọ́ọ̀mù yọ ọmọ kúrò nínú ìtọ́jú, síbẹ̀ bí fọ́ọ̀mù ṣe gùn tó, ìpinnu òṣèlú ni.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ojú ìwé ìlera nìkan ni ìlera ọmọ wà. Òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ kúrò nínú ọ̀dà ilé ní Amẹ́ríkà nítorí òfin 1978, ó sì kúrò nínú epo ọkọ̀ kárí ayé ní 2021, nígbà tí Àlùjíríà, tó kẹ́yìn, dáwọ́ títà á dúró. Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí lórí ohun mímu tó ní ṣúgà púpọ̀ ní oṣù Kẹrin 2018, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti dín ṣúgà wọn kù kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá wá èrò olùdíje lórí ìlera ọmọ ní abẹ́ “ìlera” nìkan kò ní rí èyí.

Títí di ìgbà wo?

CHIP yìí kan náà, tí gbogbo wọn ní àwọn fẹ́ràn, owó rẹ̀ tán ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2017. Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó dìbò láti pa á. Wọ́n kàn jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti ń kọ lẹ́tà sí òbí pé kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí ọmọ ti 2021 ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti mú apá kan rẹ̀ padà ní 2024, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi ìbò 357 sí 70 gbà á, ó sì kú sí ilé aṣòfin àgbà.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, ìyẹn ohun rere tí èso rẹ̀ máa ń pẹ́. Ìjọba Tony Blair ní Bìrìtìkó dá àwọn ilé Sure Start sílẹ̀ láti 1998 fún ọmọ kékeré àti òbí wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Institute for Fiscal Studies wò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó wà nítòsí ilé wọ̀nyí lọ sí ilé ìwòsàn jù bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún kan. Ẹ fojú inú wo ohun tí alátakò máa fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe! Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà wọ ọdún mọ́kànlá sókè, àìsàn tó ń gbé wọn dé ilé ìwòsàn dín kù gidigidi. Kí èso yẹn tó jáde, ìjọba ti yí padà, wọ́n sì ti ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà.

Blair kan náà ló ṣèlérí ní 1999 pé ìṣẹ́ ọmọdé máa kásẹ̀ ńlẹ̀ láàárín ogún ọdún. Wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 2010. Ìjọba mìíràn tó dé lẹ́yìn òfin náà fa iye tí òfin náà dá yọ ní 2016, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí ọjọ́ tó pé.

Ọjọ́ tún ṣe pàtàkì lọ́nà mìíràn, ìyẹn ọjọ́ tí olùdíje sọ ọ̀rọ̀. Bìrìtìkó ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2017 pé ìrànwọ́ owó fún ìdílé tálákà kò ní kọjá ọmọ méjì. Keir Starmer ní kí wọ́n fagi lé e nígbà tó ń wá ipò olórí ẹgbẹ́ Labour ní 2020. Ní 2023, ó ní àwọn kò ní yí i padà. Ní oṣù Keje 2024, lẹ́yìn tó di olórí ìjọba, wọ́n lé aṣòfin méje sí ẹ̀yìn ẹgbẹ́ fúngbà díẹ̀ nítorí pé wọ́n dìbò kí òfin náà kúrò. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kan náà kéde nínú ìṣúná pé òfin náà máa kúrò ní oṣù Kẹrin 2026. Ẹni tó bá kọ “èrò rẹ̀ lórí ìṣẹ́ ọmọ” sílẹ̀ láìkọ ọjọ́ sí i kò tíì kọ nǹkan kan.

Ọmọ kẹta tí wọ́n bí ní ọjọ́ Karùn-ún oṣù Kẹrin 2017 wà nínú ìṣirò náà. Èyí tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì máa ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kà á.